Nọ́ọ̀sì Tó Ń Kó Àwọn Onílé Padà Sílé

Bí ẹ bá dé Ìsẹ́yìn tí ẹ ń béèrè Mọ́ládé Adégbénró, ẹ lè rìn títí kí ẹ má rí ẹni tó máa júwe ilé rẹ̀ fún yín. Ẹ béèrè Ìyá Favour, nọ́ọ̀sì. Ọlọ́kadà tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ọsibítù rí láyé rẹ̀ á ní kí ẹ gun ẹ̀yìn òun. Obìnrin náà kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè, àmọ́ tó bá ti wọ bàtà funfun rẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà, àwọn ọkùnrin tó gbọ́njú máa ń tún ìjókòó ṣe. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mo sọ. À ń fi í yangàn nílùú wa, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn nọ́ọ̀sì tó mọ abẹ́rẹ́ gún pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ohun tí wọ́n mọ Ìyá Favour sí ni pé nígbà tí báǹkì bá fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé ilé ẹni tó yáwó kọ́lé, òun ni onílé máa ń sáré lọ bá. Kì í ṣe lọ́yà. Kò ní èèyàn kankan lókè, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó ohun tó lè fi san gbèsè ẹlòmíì. Síbẹ̀, àwọn ilé kan wà ní Ìsẹ́yìn lónìí tí àwọn tó kọ́ wọn ṣì ń sùn sínú wọn, tí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ẹlòmíì ni ì bá ti máa sùn síbẹ̀.

Ó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń dun èèyàn nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ sí òun náà. Òun àti ọkọ rẹ̀, Fìyìnfólúwa, tó jẹ́ tíṣà, ni wọ́n jọ yáwó lọ́wọ́ báǹkì kan láti fi parí ilé wọn. Wọ́n fi ilé náà ṣe ìdúró, wọ́n sì ń san owó oṣooṣù bó ṣe yẹ, títí tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá Fìyìnfólúwa dùbúlẹ̀. Àìsàn náà gba owó, ó tún gba ọkọ. Nígbà tí wọ́n fi máa sin ín tán, owó báǹkì ti gun orí ara wọn. Kí wá ni Mọ́ládé ṣe? Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ní Òkè-Ògùn náà ni. Tí nǹkan ìtìjú bá ti ṣẹlẹ̀ síni níbí, oko là ń sá lọ. Ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀, ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìbò, gbogbo wọn ló máa ń rántí lójijì pé koríko ti bo oko àwọn. Mọ́ládé kò ní oko, ló bá ti ilẹ̀kùn, ó mú ọmọ rẹ̀ dání, ó gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ ní Tẹ̀dé, ó sì pa fóònù rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì wá, wọ́n kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Wọ́n tún wá. Koríko ti hù dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbà pé obìnrin náà ti pa ilé tì, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilé náà ti di ti báǹkì. Aládùúgbò kan ló ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó dé tó rí ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé, ó sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó funfun, ó sì gba báǹkì lọ. Ojú ń tì í débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà lẹ́nu géètì.

Obìnrin tó ń ṣe máníjà nígbà náà wò ó látòkè délẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, a ti wá yín títí," ó ní. "Kí la fẹ́ fi ilé yín ṣe? Owó wa là ń wá. Ká ní ẹ wá sọ fún wa lọ́jọ́ tí ọkọ yín dùbúlẹ̀, à bá ti sún un síwájú fún yín."

Wọ́n pín gbèsè náà sí wẹ́wẹ́ fún un. Ó san án pẹ̀lú ìrora, ó san án tán, ó sì fi ọ̀dà funfun kun ògiri náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kò sí ẹni tó lé e kúrò nílé. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi jáde.

Orí àga tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọsibítù ni iṣẹ́ kejì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ti lọ sókè jù, Mọ́ládé á tú rọ́bà kúrò lápá onítọ̀hún, á wo ojú rẹ̀ dáadáa, á ní, "Iyọ̀ nìkan kọ́ lèyí. Kí lẹ̀ ń rò?" Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá. A ò ní sọ. A máa ní ooru ni, a máa ní oorun ò tó. Á wá dákẹ́, á máa wò yín, kò sì sí ẹni tó lè jókòó pẹ́ níwájú ìwò yẹn. Láti ẹnu irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló ti ń gbọ́ pé báǹkì ti lẹ ìwé mọ́lé, pé bàálé ti sá lọ sóko. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ fún gbogbo wọn: ẹ padà sílé, ẹ gbá iwájú ilé, ẹ lọ bá wọn kí wọ́n tó wá bá yín, ẹ má sì ṣèlérí ohun tí agbára yín ò ká.

Bí ọyẹ́ ọdún tó kọjá ṣe ń wọlé bọ̀ ni Mujeebat, ìyàwó Ládòkun, jókòó sórí àga yẹn. Ẹ̀rọ náà pariwo. Kò tíì pẹ́ tí Mọ́ládé ń wò ó tí obìnrin náà fi bú sẹ́kún.

Àgbẹ̀ tó dántọ́ ni Ládòkun, Bàbá Ramlah. Iṣu àti ẹ̀wà ló ń gbìn lápá ọ̀nà Ìpàpó. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹbí wọn tó kúrò ní agboolé tó lọ kọ́ ilé tirẹ̀ síta, ilé oníyàrá mẹ́rin tó ní òrùlé aláwọ̀ búlúù, owó tó yá ní báǹkì ló sì fi parí rẹ̀. Tó bá ń júwe ilé náà fún èèyàn, ẹ ó rò pé ààfin ni. Ó ń san owó rẹ̀ déédéé, àfìgbà tó ṣubú lórí ọ̀kadà lẹ́yìn tí iṣu ọdún yẹn ti hù tán, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ló bá ẹni tó ń to eegun lọ. Ìwé ti wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ báyìí pé ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn báǹkì ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́.

"Bàbá Ramlah ńkọ́?" Mọ́ládé béèrè.

"Wọ́n ti lọ sí aba. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá."

"Ta ló wá wà nílé?"

"Kò sẹ́nì kankan, Nọ́ọ̀sì. Mo ti tì í. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń sùn."

Mọ́ládé fi ọwọ́ lu itan. "Ìyá Ramlah! Ẹ padà sílé lónìí. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé. Ẹ dáná, kí èéfín jáde, kí aládùúgbò rí yín. Èmi ń lọ bá bàálé yín lọ́la."

Gbọ́láhàn ló gbé e lọ, ọlọ́kadà kan tí Mọ́ládé fọkàn tán nítorí pé òun ló gbẹ̀bí fún ìyàwó rẹ̀, tí ọkùnrin náà kò sì jẹ́ sáré ju bó ṣe yẹ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n kọjá Ìpàpó, wọ́n ya sójú ọ̀nà oko. Koríko ti pọ́n, eruku ń bẹ lórí ewé igi ẹmì, ilẹ̀ sì tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé ibi tí àpáta ti yọ orí. Wọ́n bá Ládòkun lábẹ́ àtíbàbà aba rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú oko o, Bàbá Ramlah."

"Ẹ káàbọ̀, Nọ́ọ̀sì. Ṣé ẹsẹ̀ mi lẹ wá wò?"

"Ẹsẹ̀ yín kọ́. Ilé yín ni."

Ó gbójú kúrò lára rẹ̀. "Kí wọ́n máa mú un lọ. Ọlọ́run ló ni ín."

"Ọlọ́run ló ni ín lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?" Ohùn rẹ̀ le. "Kí n lọ dúró níwájú ọmọ tí mo lè bí, kí n máa bẹ̀ ẹ́ nítorí ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́? Èmi Ládòkun? Mi ò tọrọ rí láyé mi, Nọ́ọ̀sì. Mi ò sì ní í bẹ̀rẹ̀ báyìí."

Mọ́ládé yíjú sí oko. Ọmọ àgbẹ̀ ni òun náà. Ewé iṣu ti gbẹ lórí igi, àwọn ebè sì ti sán káàkiri nítorí ohun tó wà nínú wọn. Iṣu tó dára ni. Ó ti yẹ kó ti kúrò nílẹ̀.

"Kí ló dé tí iṣu yìí ṣì wà níbí?" ó béèrè.

"Ẹsẹ̀ wo ni kí n fi wà á? Iye tí àwọn lébìrà ń béèrè lọ́dún yìí, tí mo bá san án tán, kí ló kù?"

"Àáró ńkọ́?"

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, àáró ni pé kí àwọn àgbẹ̀ kan kó ara wọn jọ, kí wọ́n ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, kí wọ́n lọ sí ti ẹlòmíì lọ́jọ́ mìíràn, títí á fi kárí gbogbo wọn. Kò sówó níbẹ̀. Kò sì sí pé ẹnì kan ń ṣàánú ẹnì kan. Iṣẹ́ lo gbà, iṣẹ́ lo máa fi san án.

Ládòkun rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ẹni tí kò lè ṣe ti àwọn yòókù kì í pe àáró. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀." Mọ́ládé fa àpótí kan, ó jókòó. "Kí ẹ tó ṣubú, ta ni àáró kàn gbẹ̀yìn?"

"Èmi ni."

"Wọ́n wá?"

Ọkùnrin náà họ orúnkún rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá Ògúndìran kú. Kò sẹ́ni tó máa bá a kó ẹ̀wà rẹ̀ kí òjò tó bà á jẹ́. Mo ní kí wọ́n máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi náà sì bá wọn lọ."

"Ó ti dá a padà?"

"Ta ló máa ń béèrè irú ìyẹn?"

Mọ́ládé bú sẹ́rìn-ín, ó rín in débi pé Gbọ́láhàn tó dúró lọ́dọ̀ ọ̀kadà rẹ̀ yíjú wò wọ́n. "Bàbá Ramlah! Ẹ̀tọ́ yín wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ẹ̀yin wá jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ẹ ń sọ fún mi pé ẹ ò fẹ́ tọrọ."

Ládòkun gbé ojú sókè wò ó. Ó ṣe kedere pé kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo bó ṣe ń dá wà láti ọjọ́ yìí, ohun tí kò lè ṣe mọ́ nìkan ló ń rò. Kò rántí ohun tó ti ṣe.

"Èmi ò lè bá yín pè é," Mọ́ládé ní. "Ẹni tó loko ló ń lọ pe àáró rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Gbọ́láhàn á gbé yín lọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹsẹ̀ ń dùn, kì í ṣe èmi."

Wọ́n to ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ọ̀kadà, wọ́n lọ. Nọ́ọ̀sì wa bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn pẹ̀lú bàtà funfun. Nígbà tó fi máa dé Ìpàpó, bàtà náà ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ó bá ọ̀kadà níwájú ilé Ògúndìran, Ládòkun ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Gbọ́láhàn ṣẹ́jú sí Mọ́ládé pé láti ìgbà tí àwọn ti dé ló ti jókòó báyẹn. Mọ́ládé dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kò sún mọ́ wọn.

Ògúndìran fúnra rẹ̀ ló jáde síta, ó fẹ́ da omi nù. Ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

"Ògúndìran," Ládòkun ní, "mo wá pe àáró mi."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ògúndìran. "Àtọdún tó ṣáájú ni mo ti ń retí kó o sọ ọ́!" ó ní. "O ṣubú, mo lọ sí aba rẹ, wọ́n ní o wà lọ́dọ̀ atoeegun. Mo lọ sí Ìsẹ́yìn, mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Mo rò pé o ń bínú sí mi ni. Ojú ń tì mí, Ládòkun. Ọjọ́ wo lo fẹ́ ká wá?"

Ẹ ò rí i bí àwa èèyàn yìí ṣe rí? Ojú ń ti ẹni tí wọ́n jẹ, ojú ń ti ẹni tó jẹ, báǹkì sì ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú àgádágodo.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n wá. Kì í ṣe ẹgbẹ́ àáró nìkan. Àwọn tó gbọ́ pé Ládòkun ló ń pè tún tẹ̀ lé wọn, ọkọ́ àti àdá lọ́wọ́, wọ́n tú ká sórí ebè, oko sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ládòkun kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bá gbé àpótí fún un kó máa fi àdá gé ìtàkùn kúrò lórí iṣu tí wọ́n bá kó wá. Mujeebat dáná sábẹ́ igi. Mọ́ládé gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó ń fi agbọ̀n ru iṣu lọ sẹ́bàá ọ̀nà, ọrùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra o," ẹnì kan pariwo. "Kì í ṣe òwú àti oògùn ló wà nínú ìyẹn!"

"Ẹ wá wọn ẹ̀jẹ̀ yín lọ́la," ó dá a lóhùn lábẹ́ agbọ̀n, "ẹ ó mọ bí mo ṣe ń fún rọ́bà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn oníṣòwò fi máa dé, iṣu ti ga lẹ́bàá ọ̀nà, Ládòkun sì ń dá wọn lóhùn iye tó ń tà á pẹ̀lú ohùn rẹ̀ àtijọ́. Owó tí wọ́n rí kò san gbogbo ohun tí báǹkì ń béèrè, àmọ́ ó ju ìdajì lọ dáadáa. Ògúndìran fẹ́ yá a ní ìyókù. Mọ́ládé ò gbà. Ó ní kí wọ́n má fi gbèsè san gbèsè.

Ọjọ́rú ni wọ́n lọ sí báǹkì, ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tó wà nínú ìwé. Ládòkun wọ agbádá tó wọ̀ lọ́dún tó kó wọnú ilé náà. Mákánjúọlá, máníjà tó wà níbẹ̀ báyìí, kò tíì pé ogójì ọdún. Ọmọlúàbí ni, ó dìde kí wọn. Ṣùgbọ́n Mọ́ládé ló kọjú sí.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ tún ti dé. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí?"

Mọ́ládé ti mọ gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn sọ níbẹ̀. Ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo Ládòkun tó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó sì dìde.

"Èmi kọ́ ni mo nilé, sà. Onílé ló jókòó yẹn. Ẹ bi í."

Ó jáde, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgò. Ilẹ̀kùn gíláàsì ni ti ọ́fíìsì náà, ó ń rí wọn, kò sì gbọ́ ohunkóhun. Máníjà ń sọ̀rọ̀. Ládòkun tẹ orí ba, ẹnu rẹ̀ kò mì. Ọkàn Mọ́ládé ń lù kìkì, ó fi ìka kan ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ká ní èèyàn mìíràn ni, òun ì bá ti ní kó wá dùbúlẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde padà wọlé. Ó fi ọwọ́ di bẹ́ǹṣì mú.

Ìgbà náà ni ọkùnrin náà gbórí sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ kan tọ́ka síta, ó tún fi júwe ohun kan tó ga nílẹ̀, bóyá ebè, bóyá iṣu tí wọ́n kó jọ. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Máníjà gbé fóònù, ó bá àwọn kan sọ̀rọ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó tún bi í ní ìbéèrè. Ládòkun mi orí pé rárá. Máníjà tún sọ nǹkan mìíràn, Ládòkun sì na ọwọ́ sí i, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ó jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Wọ́n gba ohun tí mo mú wá," ó ní. "Wọn ò ní wá lọ́la."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n máa san án lóṣooṣù. Mo ní rárá. Mo ní èmi kì í gbowó oṣù, irọ́ ni mo máa pa fún wọn tí mo bá gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa san án nígbà ẹ̀wà àti nígbà iṣu, bí ọwọ́ mi ṣe ń tú. Ó pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ n'Íbàdàn. Wọ́n gbà." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò bẹ̀ wọ́n o, Nọ́ọ̀sì. A jọ sọ̀rọ̀ ni."

Inú Mọ́ládé dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó ti sin àwọn èèyàn wá sí ibí yìí rí, àmọ́ èyí nìkan ni kò bá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó yangàn lọ́kàn ara rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé kò tọ́ sí i.

Gbọ́láhàn ti yí ọ̀kadà rẹ̀ dúró ní ẹnu géètì, orí rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà Ìpàpó. Wọ́n ran Ládòkun lọ́wọ́ láti gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó fara balẹ̀ to ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ká agbádá lé èjìká.

"Bàbá, ṣé aba náà ni?" Gbọ́láhàn béèrè.

"Aba kẹ̀?" Ládòkun ní. "Gbé mi lọ sílé mi."